Aago Tó Ń Ka Àyà

Ní Èbúté Mẹ́ta, lẹ́yìn ọgbà réluwéè,
ẹni mẹ́ta ló ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì wa báyìí:
èmi, Akínṣọ̀wọ́n,
àti aago dúdú kékeré tí Fọláhànmí rà fún bàbá rẹ̀.
Ó ń ka àyà ọkọ mi
bí alájọ ṣe ń ka owó oníbàárà,
ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kò sì gbàgbé.

Dókítà ní Ìdí-Àràbà ló ní kí a fi í sí ọgọ́fà.
"Bí ó bá kọjá ibẹ̀ nígbà tí bàbá jókòó jẹ́ẹ́, yóò ké.
Ẹ tètè máa gbé wọn bọ̀."
Ó sọ ọ́ bí ẹni ń júwe ilé télọ̀.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ké nígbà tí onílé wọlé.
Ó ké nígbà tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n tiwa.
Ó ké ní ṣọ́ọ̀ṣì, lákòókò àdúrà ìdákẹ́jẹ́,
Akínṣọ̀wọ́n ti ọwọ́ bọ àpò
bí ẹni tó jí ẹran nínú ìkòkò.
Mi ò ní purọ́, mo gbádùn rẹ̀ díẹ̀:
ọkùnrin tó fi ọdún méjìlélógójì sọ fún mi pé "kò sí nǹkan,"
ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti wá ń tú àṣírí rẹ̀.

Iṣẹ́ ìkìlọ̀ ni tirẹ̀ náà nígbà kan.
Àsíá pupa, àsíá aláwọ̀ ewé, fèrè lẹ́nu,
níbi tí títì ti gé ojú irin kọjá.
Ó máa ń sọ pé ẹni tó ń kìlọ̀, èébú ni owó oṣù rẹ̀.
Òun náà ń bú aago ọ̀hún:
aláròyé, aláṣejù,
àlejò tí kò mọ ìgbà tí à á re ilé.
Ṣùgbọ́n kò bọ́ ọ.

Lóru Ọjọ́bọ̀ kan wọ́n mú iná lọ,
jẹnẹrétọ̀ àwọn ará òkè ti dákẹ́. Ooru.
Ó ké.
Mo na ọwọ́: ibi tó sùn sí ti tutù.
Ó jókòó létí fèrèsé, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ń tàn nínú òkùnkùn.
Àádọ́jọ ó dín méjì.
Mo ti ń wá nọ́mbà onítakisí,
ó ní, "Àwẹ̀ró, jókòó. Ṣé o gbọ́ fèrè ọkọ̀ yẹn?"
Mi ò gbọ́ fèrè kankan.

Ó ní ọmọ kan wà,
lọ́dún tí a bí Fọláhànmí.
Ó ru ọpọ́n ọsàn.
Òun fọn fèrè, òun ju àsíá,
ọsàn kan bọ́, ọmọ náà yí padà láti mú un.
Ọsàn kan.
Ó mọ àwọ̀ aṣọ rẹ̀. Ó mọ bàtà, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo.
"Mo ṣáà fọn fèrè, Àwẹ̀ró. Mo fọn ọ́n."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo di ọwọ́ tó wọ aago náà mú,
ojú mi wà lára nọ́mbà.
Àádóje ó lé kan.
Ó ń sọ̀rọ̀. Ọgọ́fà ó dín méjì.
Ó sunkún, ohùn rẹ̀ dún bí ìlẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kò ṣí rí.
Ọgọ́rùn-ún ó dín mẹ́rin.
Bí a ṣe ń ka nǹkan nìyẹn:
a ó kọ́kọ́ dárúkọ odidi,
kí a tó sọ iye tó yọ kúrò níbẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, a lọ sí Ìdí-Àràbà.
Dókítà pààrọ̀ oògùn kan.
Kò bèèrè ọ̀rọ̀ ọsàn.

Bátìrì aago ti kú, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀
tó ní sólà lórí òrùlé.
Nígbà tí mo ń gbé e bọ̀, mo so ó mọ́ ọwọ́ ara mi.
Mo dé ibi tí títì ti gé ojú irin kọjá,
mo dúró, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì.
Kò sí ọkọ̀.
Àádóje. Ó ké.
Mo tẹ̀ ẹ́ pa, mo sọdá.

"Kí ló pẹ́ ọ tó bẹ́ẹ̀?" ló bi mí lẹ́nu ọ̀nà.
Mo ní, "Kò sí nǹkan. Na ọwọ́ rẹ wá."